Ẹ̀kọ́ Oyè Kejì nínú Ìṣègùn Ìbímọ àti Ìdàgbàsókè Ọmọnìyàn: Ohun Tí Ẹ Ó Rí Gbà Níbẹ̀ àti Ohun Tí Ẹ Ó Fúnra Yín Wá

Àyẹ̀wò yìí dá lé ẹ̀kọ́ oyè kejì nínú ìṣègùn ìbímọ àti ìdàgbàsókè ọmọnìyàn, èyí tí mo ṣe tí mo sì parí lẹ́yìn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn fún ìgbà pípẹ́. N kò ní dárúkọ yunifásítì náà, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan irú ẹ̀kọ́ yìí níbikíbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọ, ẹni tó bá sì ń ronú láti forúkọ sílẹ̀ yóò rí ohun tí yóò mú lò nínú rẹ̀. Kí n ti orí wá sọ ìdájọ́ mi: ẹ̀kọ́ náà dára, ó sì yẹ ní ohun tí àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ lè fi àkókò rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ibi tó ti níye lórí jù lọ ni ibi tí wọ́n ti so ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù pọ̀ mọ́ ọmọ tí wọn yóò bí, tí yóò dàgbà, tí yóò sì darúgbó. Níbi tí ìsopọ̀ yẹn bá ti já, ohun tó kù kò ju ìwé kíkà lásán lọ, ìyẹn sì ṣeé rà ní owó tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí irú ẹ̀kọ́ yìí fi wà kò fara sin. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde tó fi hàn pé nǹkan bí ẹni 1 nínú àgbàlagbà 6 káàkiri ayé ni ìṣòro àìrọ́mọbí máa ń bá jà nígbà kan tàbí òmíràn, àti pé iye náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè olówó àti èyí tí kò lówó. Síbẹ̀, ìmọ̀ tó yẹ kí ó pàdé lórí ọ̀ràn yìí fọ́n káàkiri. Dókítà mọ àìsàn, ṣùgbọ́n kì í sábà jókòó ti ọlẹ̀ tó wà nínú àwo láàbù. Ẹni tó kàwé nípa ohun abẹ̀mí mọ sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n kò bá tọkọtaya tó ń sunkún sọ̀rọ̀ rí. Nọ́ọ̀sì mọ tọkọtaya náà dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ó wọ láàbù. Kíláàsì tí mo wà kó gbogbo wa pọ̀, èyí nìkan sì ti tó láti yìn. Àwọn ìbéèrè tí àwọn nọ́ọ̀sì ń béèrè ló sábà máa ń dá olùkọ́ dúró jù, nítorí pé àwọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu aláìsàn gan-an.

Ìforúkọsílẹ̀ kò le. Wọ́n ń béèrè oyè àkọ́kọ́ nínú ìṣègùn, ìtọ́jú aláìsàn tàbí ìmọ̀ ohun abẹ̀mí, ìwé ẹ̀rí ẹni méjì tó mọ iṣẹ́ ẹni, àti àlàyé díẹ̀ nípa ìdí tí ẹ fi fẹ́ kà á.

Apá ìdàgbàsókè ọmọnìyàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, mo sì gbà pé òun ló gbé gbogbo ìyókù ró. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló wọlé pẹ̀lú èrò pé IVF, ìyẹn mímú ẹyin àti àtọ̀ pàdé nínú àwo láàbù, ni àwọn fẹ́ kọ́, tí wọ́n sì ń wo apá yìí gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n kàn fẹ́ kọjá. Kò pẹ́ tí èrò yẹn fi yí padà. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nípa ẹyin obìnrin. Nígbà tí ọmọbìnrin ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20 tí oyún ti wà, ẹyin tó wà nínú ara rẹ̀ tó mílíọ̀nù 6 sí mílíọ̀nù 7. Kí wọ́n tó bí i, ọ̀pọ̀ jù lọ ti kú, ó ku mílíọ̀nù 1 sí 2. Nígbà tó bá máa bàlágà, ó ku nǹkan bí 300,000 sí 400,000, nínú èyí tí nǹkan bí 400 péré yóò ti jáde kúrò nínú ilé ẹyin ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín kúrómósómù rẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tíntìntín tó ń gbé àbùdá, kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin náà, ó wá dá iṣẹ́ náà dúró lágbedeméjì, ó ń retí oṣù tí yóò kàn án. Ẹyin tó bá jáde nígbà tí obìnrin pé ẹni ogójì ọdún ti wà ní ìdúró bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún, àwọn èròjà tó so kúrómósómù méjì-méjì pọ̀ sì ti ń gbó díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tí iṣẹ́ bá wá padà bẹ̀rẹ̀, kúrómósómù lè má pín dọ́gba, ìdí nìyẹn tí oyún fi ń ṣòro láti dúró bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ. Mo ti gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n ń sọ fún obìnrin pé "ọjọ́ orí yín ti lọ," tí wọn kò sì fi nǹkan kan kún un. Ẹni tó bá jókòó ní kíláàsì yìí kò ní lè sọ̀rọ̀ sí obìnrin bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí yóò ní àlàyé tí yóò ṣe fún un, yóò sì mọ̀ pé kò sí ẹ̀bi obìnrin náà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ẹyin ni wọ́n wá tẹ̀ lé ọlẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ 8 àkọ́kọ́ nínú ìdàgbàsókè ọmọnìyàn ni àwọn onímọ̀ pín sí ipele 23, tí wọ́n ń fi orúkọ Carnegie pè, nítorí pé ilé iṣẹ́ ìwádìí tó ń jẹ́ orúkọ náà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó àwọn ọlẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ètò náà jọ. Olùkọ́ wa kò gbà kí a kàn wo àwòrán. Ó ní kí a fi pẹ́ńsù ya àwọn ipele pàtàkì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ iye ọjọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn kan nínú wa rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ya bí ẹ̀yìn ọlẹ̀ ṣe ń ká jọ láti di ọ̀pá tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn yóò ti jáde, mo rí i kedere pé ojú òkè ọ̀pá náà máa ń pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 25, ojú ìsàlẹ̀ sì máa ń pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí àtọ̀ bá wọ ẹyin. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kíyè sí i pé nǹkan oṣù òun pẹ́. Ẹ wá wò ó: tí wọ́n bá dúró kí obìnrin tó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó fún un ní fọ́líìkì ásíìdì, iṣẹ́ tí oògùn náà fẹ́ ṣe fún ọ̀pá yẹn ti kọjá. Lọ́dún 1991 ni ìwádìí ńlá kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé oògùn yìí dín ìṣòro ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ kù ní nǹkan bí ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn ìyá tí wọ́n ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí obìnrin ti máa lo 400 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́ kí ó tó lóyún. Mo ti mọ ìmọ̀ràn yẹn tipẹ́, ṣùgbọ́n inú àwòrán tí mo fọwọ́ ara mi yà ni ó ti wá yé mi.

Ọ̀ràn oògùn thalidomide náà wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ bó ṣe yẹ. Ọdún 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Jámánì gẹ́gẹ́ bí oògùn oorun, àwọn aláboyún sì ń lò ó fún èébì òwúrọ̀ kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ lọ́dún 1961, lẹ́yìn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ti wá sáyé láìní apá tàbí ẹsẹ̀ tó pé. Ohun tí olùkọ́ tẹnu mọ́ ni àkókò: láàárín nǹkan bí ọjọ́ 20 sí ọjọ́ 36 lẹ́yìn tí ẹyin gba àtọ̀ ni oògùn náà ti ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀, ẹ̀yà ara tó ń yọ lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ìyá gbé e mì ni ó sì ń bàjẹ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú wa lọ sí ìyàn tó mú ní ilẹ̀ Netherlands lọ́dún 1944 sí 1945, nígbà tí ogun dí ọ̀nà oúnjẹ, àti bí àwọn tí wọ́n wà nínú oyún nígbà náà ṣe fi àmì rẹ̀ hàn lára nígbà tí wọ́n dàgbà. Àti sí iṣẹ́ David Barker, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń sọ láti nǹkan bí ọdún 1986 pé ìwọ̀n tí wọ́n bí ọmọ sí ní í ṣe pẹ̀lú àrùn ọkàn ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ibí yìí ni mo ti rí ìdí tí wọ́n fi fi ìdàgbàsókè ọmọnìyàn pọ̀ mọ́ ìṣègùn ìbímọ. Ẹni tó ń da omi tí ọlẹ̀ yóò wẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 5 ní láàbù ń fọwọ́ kan ayé ẹnì kan fún ọgọ́rin ọdún, ó sì yẹ kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ní láàbù ni apá kejì tí mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni ilé-ìwé ti ń yàtọ̀ sí ilé-ìwé. Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n ti kọ́ wa ní ìtàn rẹ̀: bí wọ́n ṣe bí Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí nípasẹ̀ IVF, ní Oldham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1978, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ọ̀nà ẹyin rẹ̀ dí, àti bí Robert Edwards, Patrick Steptoe àti Jean Purdy ṣe ṣe iṣẹ́ náà. Edwards nìkan ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2010, nítorí pé àwọn méjì yòókù ti kú, Purdy ní ọdún 1985 àti Steptoe ní ọdún 1988. Mo dúpẹ́ pé wọn kò fi Purdy sílẹ̀ nínú ìtàn náà. Nọ́ọ̀sì ni kí ó tó di onímọ̀ ọlẹ̀, òun ló sì ń ṣọ́ àwọn ọlẹ̀ nínú láàbù. Àwọn nọ́ọ̀sì inú kíláàsì wa gbé orí wọn sókè ní ọjọ́ náà.

Ẹyin màlúù láti odò ẹran ni a fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹyin yìí ṣókùnkùn lábẹ́ máíkírósíkóòpù nítorí ọ̀rá tó kún inú rẹ̀, ẹni tó bá sì ti fi í kọ́ bí a ṣe ń di nǹkan mú yóò rí i pé ti ènìyàn mọ́lẹ̀ kedere jù ú lọ. Ẹ̀kọ́ tó dán wa wò jù ni fífi abẹ́rẹ́ gbé àtọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo sínú ẹyin, ọ̀nà tí Gianpiero Palermo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels gbé jáde lọ́dún 1992, tí ó sì ṣí ọ̀nà fún ọkùnrin tí àtọ̀ rẹ̀ kéré gan-an láti di bàbá. Ẹyin ènìyàn kò ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 10 mílímítà lọ, ihò abẹ́rẹ́ náà kò sì ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 1,000 mílímítà lọ. Ẹ ó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ tẹ ìrù àtọ̀ kan mọ́ ìsàlẹ̀ àwo kí ó má lè wẹ̀ mọ́, ẹ ó sì fà á wọ inú abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìrù níwájú. Pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tíntìntín, tó wà ní ọwọ́ òsì yóò fa ẹyin mọ́ra, ẹ ó sì yí ẹyin náà títí sẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà létí rẹ̀ yóò fi bọ́ sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ gan-an, nítorí pé ìtòsí sẹ́ẹ̀lì yẹn ni kúrómósómù ẹyin sábà máa ń wà, abẹ́rẹ́ kò sì gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Láti ọ̀tún ni ẹ ó ti gún un. Awọ inú ẹyin kì í já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò fà wọnú, yóò tún fà, ẹ ó wá fa omi inú ẹyin díẹ̀ sínú abẹ́rẹ́ kí ẹ tó rí i pé ó já, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó fi àtọ̀ sílẹ̀ tí ẹ ó sì yọ abẹ́rẹ́ jáde jẹ́jẹ́. Obìnrin tó ń kọ́ wa dúró sí ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ẹ mí délẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n torí pé ẹ ò mí." Òótọ́ ni. Mo mí, ọwọ́ mi sì dúró.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa dáadáa tí kò sì sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé ni àwọn nǹkan kéékèèké tí ń pa ọlẹ̀ láìsí ariwo. Ínkúbétọ̀, àpótí tí wọ́n ń tọ́jú ọlẹ̀ sí, gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gáàsì kábọ́ọ̀nù dayọ́síàìdì ní nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ́síjìn ní ìdá 5, nítorí ọ́síjìn tó wà nínú atẹ́gùn tí àwa ń mí pọ̀ jù fún ọlẹ̀. Tí ẹ bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí láti sọ̀rọ̀, ẹ ti yí gbogbo rẹ̀ padà. Lọ́fínńdà kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹyin tàbí àtọ̀ bá ń kúrò nínú àwo kan sí òmíràn, ẹni méjì gbọ́dọ̀ ka orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára àwo sókè, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà wọ inú ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí a ṣe èyí pẹ̀lú ẹyin màlúù pàápàá, kí ó lè mọ́ wa lára, mo sì rò pé ìgbésẹ̀ ọlọgbọ́n ni.

Ibi tí mo ti ní àròyé ni pé wákàtí tí a lò nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń gún ẹyin kéré jù. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni gbogbo kíláàsì ń pín lò, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ kọ orúkọ ni yóò jókòó pẹ́. Wọ́n tún gba owó ohun èlò láàbù lọ́tọ̀, lẹ́yìn tí a ti san owó ilé-ìwé, tí kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n fi pè wá. Ìwé ìpolówó wọn ṣèlérí ìrírí ní láàbù "ní kíkún", èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di oníṣẹ́ ọlẹ̀ yóò nílò wákàtí púpọ̀ sí i ju èyí tí a rí lọ, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún un kí ó tó sanwó.

Àròyé mi kejì kan ọkùnrin. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí kò tíì rọ́mọ bí, ọwọ́ ọkùnrin wà nínú rẹ̀, òun nìkan tàbí pẹ̀lú ti obìnrin. Síbẹ̀, ìjókòó tí wọ́n fi kọ́ wa nípa ọkùnrin kò tó nǹkan ní ìfiwéra pẹ̀lú ti obìnrin. Èyí tí wọ́n kọ́ dára: pé ó ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74 kí ara tó ṣe àtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó fi jẹ́ pé ibà líle tí ọkùnrin ní lónìí lè hàn nínú àyẹ̀wò oṣù méjì tàbí mẹ́ta sí òní, pé kí ó yàgò fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 7 kí ó tó mú àtọ̀ wá, pé ìwé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àyẹ̀wò àtọ̀, tí ẹ̀dà kẹfà rẹ̀ jáde lọ́dún 2021, kò sọ pé ẹni tí iye rẹ̀ bá wà lábẹ́ ààlà kò lè bímọ. Ṣùgbọ́n wọ́n sáré kọjá lórí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń wú nínú àpò ẹpọ̀n, wọ́n sáré kọjá lórí oògùn tí àwọn ọkùnrin fi ń ki iṣan tí ó sì ń dá iṣẹ́ àtọ̀ dúró, wọn kò sì kọ́ wa rárá bí a ṣe ń bá ọkùnrin tó kọ̀ láti ṣe àyẹ̀wò sọ̀rọ̀. Nítorí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, mo mọ iye obìnrin tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ káàkiri ara kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ọkọ wọn mú àtọ̀ wá. Ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ ìṣègùn ìbímọ gbọ́dọ̀ ṣe jù báyìí lọ.

Kíláàsì ìṣirò àti bí a ṣe ń ka ìwádìí ni ó yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé n kò retí ohun rere púpọ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé obìnrin 100 bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú IVF. 80 nínú wọn ló rí ọlẹ̀ tí wọ́n gbé sínú ilé ọmọ. Àyẹ̀wò oyún 40 fi hàn pé oyún wà. 30 ló bí ọmọ láàyè. Ilé ìwòsàn kan lè kọ ọ́ sára ògiri pé òun ń ṣe àṣeyọrí ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí ó fi 40 wé 80, òmíràn sì lè sọ pé ìdá 30 ni, nítorí ó fi 30 wé 100, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò sì parọ́. Obìnrin tó wá pẹ̀lú owó rẹ̀ àti ara rẹ̀ nílò èyí kejì, nítorí ọmọ ló wá wá, kì í ṣe àyẹ̀wò tó yọ ilà méjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè nínú gbogbo ìwé tí mo bá kà pé: nínú mélòó, àti láti ìgbà wo?

Wọ́n tún lo àpẹẹrẹ híha tí wọ́n máa ń ha inú ilé ọmọ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọlẹ̀ sí i, pẹ̀lú ìrètí pé yóò jẹ́ kí ọlẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń ṣe é, wọ́n sì ń gbowó lórí rẹ̀, ó sì ń dun obìnrin. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 5 pẹ̀lú obìnrin 1,364, tó jáde lọ́dún 2019, pín wọn sí méjì láìyan ẹnikẹ́ni láàyò: wọ́n ha ti àwọn kan, wọn kò ha ti àwọn yòókù. Àwọn tó bí ọmọ láàyè jẹ́ ìdá 26.1 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹgbẹ́ kìíní, ó sì jẹ́ ìdá 26.1 ní ẹgbẹ́ kejì. Olùkọ́ fi nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ lójú pátákó, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Dókítà kan tó ń ṣe é fún aláìsàn rẹ̀ wà láàárín wa, ó sì sọ fún wa ní gbangba pé òun yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró. Tí ẹ̀kọ́ yìí bá lè ṣe irú èyí nínú kíláàsì kan, ó ti san owó ara rẹ̀ fún àwọn tó máa wá sí ọ̀dọ̀ dókítà yẹn.

Lórí òfin àti ìwà tó tọ́, wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà tí a lè retí. Ìgbìmọ̀ tí Mary Warnock darí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dábàá lọ́dún 1984 pé kí wọ́n má ṣe tọ́jú ọlẹ̀ nínú láàbù ju ọjọ́ 14 lọ, òfin ọdún 1990 sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 14 sí 15 ni ilà àkọ́kọ́, tí ara ọmọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò, ti ń yọ lára ọlẹ̀, lẹ́yìn èyí tí kò lè pín sí ìbejì mọ́ ní ọ̀nà tó wọ́pọ̀. Lọ́dún 2021, àjọ àgbáyé fún ìwádìí sẹ́ẹ̀lì àpilẹ̀ṣe mú ọjọ́ 14 kúrò lára ohun tí ó kà léèwọ̀ pátápátá, ìjiyàn sì tún gbóná. Jámánì kò gbà kí obìnrin kan fi ẹyin tọrẹ fún òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn gbà á. Inú mi dùn pé wọn kò ní kí a mú èrò kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbèjà èyí tí kò fara mọ́. Ohun tí mo rò pé ó ṣẹ́ kù ni ohùn àwọn tí wọ́n bí nípasẹ̀ ẹyin tàbí àtọ̀ ẹlòmíràn, tí wọ́n ti dàgbà báyìí tí wọ́n sì ń béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. A ka ọ̀pọ̀ ìwé nípa ẹ̀tọ́ òbí, a kò ka tó nípa tiwọn.

Ìjókòó lórí bí a ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò gan-an. A kọ́ bí a ṣe ń fóònù sọ fún obìnrin pé kò sí ẹyin kan tó gba àtọ̀: kí a sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́, ní ọ̀rọ̀ tí kò lọ́jú pọ̀, kí a sì dákẹ́ kí ó lè sunkún, kí a má ṣe sáré sọ pé "ẹ máa tún gbìyànjú."

Iṣẹ́ àṣekágbá ni ó tán mi ní sùúrù. Wọ́n gba àbá mi láti ṣe ìwádìí lórí bí àwọn láàbù ṣe ń ka àtọ̀, bóyá oníṣẹ́ méjì tó ń wo àtọ̀ kan náà yóò sọ iye kan náà, èyí tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì, nítorí pé lórí nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ti ń pinnu ìtọ́jú tí tọkọtaya yóò gbà. Olùdarí iṣẹ́ mi jẹ́ onímọ̀ gidi, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ pọ̀ jù, ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń pẹ́ débi pé ìgbà tí yóò bá dé, iṣẹ́ ti kọjá ibi tí ó ń tọ́ka sí. Ìgbàláṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìwà-ọmọlúàbí ìwádìí sì jẹ àkókò tí ó yẹ kí n fi kó àpẹẹrẹ jọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sún ọjọ́ ìparí síwájú nítorí rẹ̀. Ilé-ìwé lè tún èyí ṣe láìná owó púpọ̀: kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìwé ìgbàláṣẹ ránṣẹ́ láti sáà àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fi ààlà sí iye akẹ́kọ̀ọ́ tí olùdarí kan lè gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwé ẹ̀rí yìí yóò sọ òun di oníṣẹ́ ọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù tó ń bójú tó ìbímọ ènìyàn àti ìmọ̀ ọlẹ̀, ESHRE, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, kì í fúnni ní ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́ ọlẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn ti fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ nínú láàbù IVF, tí ó sì ní àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Oyè kejì ṣí ilẹ̀kùn, kì í fi ọwọ́ kọ́ṣẹ́ fúnni. Fún dókítà tó fẹ́ máa tọ́jú tọkọtaya, ó wúlò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fún nọ́ọ̀sì àti olùgbaninímọ̀ràn, mo rò pé òun ni ẹ̀kọ́ tó dára jù tí wọ́n lè ṣe. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè àkọ́kọ́ tí kò sì ní ilé ìwòsàn tí yóò gbà á sí láàbù lẹ́yìn rẹ̀, n kò ní sọ pé kí ó sáré wọ inú rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ wá ibi tí yóò ti fọwọ́ ṣiṣẹ́.

Tí mo bá fẹ́ fi òṣùwọ̀n lé e, mo fún apá ìdàgbàsókè ọmọnìyàn àti apá ìṣirò ní máàkì tó ga jù lọ, iṣẹ́ láàbù ní ìdajì nítorí wákàtí tó kéré, apá ọkùnrin ní èyí tó rẹlẹ̀ jù. Màá tún ṣe ẹ̀kọ́ náà tí wọ́n bá ní kí n yàn, pẹ̀lú gbogbo àròyé mi. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé sí ilé-ìwé náà kí ẹ béèrè wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń lò nídìí ẹ̀rọ láàbù, iye ẹ̀rọ tó wà, bóyá owó ohun èlò wà nínú owó ilé-ìwé, àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́dọ̀ olùdarí iṣẹ́ kan. Tí wọ́n bá dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà, ẹ gbà á, tí wọ́n bá sì fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ sí yín dípò ìdáhùn, ẹ kọ̀wé sí ilé-ìwé mìíràn.